DX7 àkọ́kọ́ àbí DX7II: èwo ni kí n rà, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohùn inú rẹ̀?

Ìka-Mẹ́wàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, àmọ́ àwọn tí ohùn ti wà nínú wọn tán ni mo mọ̀ ọ́n lò: yan ohùn, máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ní báyìí ọkàn mi fà sí Yamaha DX7, kíbọ́ọ̀dù téèyàn lè fúnra rẹ̀ hun ohùn nínú rẹ̀, àlòkù méjì ló sì wà níwájú mi. Ọ̀kan ni DX7 àkọ́kọ́, èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èkejì ni DX7IIFD, òun ní ihò tí wọ́n ń ti dísìkì bọ̀. Ẹni tó ń tà wọ́n ní ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, pé nọ́ńbà lásán ni "II" yẹn.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ohun tí mo ń wá kò pọ̀: dùùrù oníná tó máa ń ṣe kín-ín béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lágbára, béèsì tó le, kí n sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ohùn fúnra ẹni. Mi ò fẹ́ kówó lé ohun tí kò ní yé mi.

Àgbà-Dùùrù

Àbúrò, kò parọ́ tán, àmọ́ òótọ́ rẹ̀ ò kún. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ló ní operator mẹ́fà (àwọn ẹ̀yà tó ń pèsè ìgbì ohùn), algorithm 32 (oríṣi ọ̀nà tí a ń gbà so operator pọ̀) àti kíì 61, nóòtì 16 ló sì lè dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. FM ni wọ́n jọ ń ṣe, kí ìgbì kan máa yí ìgbì míì padà láti fi hun ohùn, ọgbọ́n tí John Chowning ṣàwárí ní Yunifásítì Stanford ní 1967, tí Yamaha wá gba àṣẹ láti lò. DX7 jáde ní 1983, DX7II tẹ̀ lé e kí ẹ̀wádún yẹn tó parí.

Ibi tí wọ́n ti yà ara wọn rèé. Nọ́ńbà lásán ni ohùn nínú ẹ̀rọ yìí títí yóò fi dé DAC, níbi tí nọ́ńbà ti ń di iná tí spíkà lè gbà. DAC ti àkọ́kọ́ jẹ́ bit 12, ti DX7II jẹ́ bit 16: bí bit bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń mọ́ tó. Tí o bá di nóòtì ìsàlẹ̀ kan mú lórí ti àkọ́kọ́, tí o jẹ́ kó kú díẹ̀díẹ̀, wàá gbọ́ bí ìrù ohùn náà ṣe ń ha gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ kó tó pa rẹ́. Ti kejì á pa rẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn kan ń pe híha yẹn ní àbùkù. Èmi ò gbà, òun ló ń fún béèsì rẹ̀ léyín.

Yàtọ̀ sí èyí, ihò kan ṣoṣo ni ohùn ń gbà jáde nínú ti àkọ́kọ́, ohùn kan ṣoṣo ló sì lè lò lẹ́ẹ̀kan. Ohùn 32 ló ń gbé sínú. Ojú rẹ̀ kò ní iná, nítorí náà tí ibi tí o wà bá ṣókùnkùn, àfọwọ́bà ni. DX7II ń gbé 64, ojú rẹ̀ ní iná, ohùn rẹ̀ ń jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ̀dà DX7IID àti DX7IIFD lè to ohùn méjì lé ara wọn, wọ́n sì lè pín kíì sí méjì kí ìsàlẹ̀ jẹ́ béèsì kí òkè jẹ́ dùùrù. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé nóòtì 16 yẹn náà ni wọ́n jọ ń pín. Tí o bá to méjì pọ̀, mẹ́jọ ló kàn ọ́. DX7II tún jẹ́ kí o lè yí bí nóòtì kọ̀ọ̀kan ṣe ga sí padà, tó bá jẹ́ ìṣètò orin míì lo fẹ́ lò.

Tí o bá rí DX7S níbì kan, má fojú di í. Ìran DX7II ni, àyàfi pé ohùn kan ṣoṣo ló ń lò lẹ́ẹ̀kan.

Tèmi ni pé: fún gbígba ohùn sílẹ̀, ti àkọ́kọ́. Fún orí ìtàgé, DX7II.

Etí-Ò-Kún

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bit 12 yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹ gba ohùn kan náà sílẹ̀ lára ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ mú wọn dọ́gba ní fólúùmù, kí ẹ wá ní kí ẹlòmíì bá yín tan wọ́n láìsọ èwo ni èwo. Tí ìlù àti gìtá bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó máa dá a mọ̀. Èyí tó dún sókè díẹ̀ ni etí máa ń pè ní "èyí tó kún jù". Mo gbà fún yín lórí béèsì tó ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú headphone, ibẹ̀ nìkan.

Ìka-Mẹ́wàá, kí o tó ná kọ́bọ̀, gbé Dexed sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ọ̀fẹ́ ni. DX7 gan-an ló ń ṣàfarawé, ohùn DX7 tó wà nínú fáìlì SysEx (irú fáìlì tí ẹ̀rọ ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́) ló sì ń kà. Nínú ètò rẹ̀, wàá rí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀ńjìnì: "Mark I" ń gbìyànjú láti ha bíi ti àkọ́kọ́, "Modern" mọ́ kedere. Tẹ ohùn kan náà lórí méjèèjì. Tí etí rẹ ò bá rí ìyàtọ̀, o ti gba ara rẹ lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Tó bá rí i, o ti mọ ẹ̀dà tí wàá rà.

Oní-Òjé

Ẹ̀yin ń jà lórí ohùn, ẹ ò tíì bi í bóyá ẹ̀rọ náà ṣì pé. Àtúnṣe ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò.

Bátìrì ni àkọ́kọ́. Òun ló ń di àwọn ohùn mú nígbà tí iná bá kú. Nínú DX7, CR2032 ni, òjé ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yọ bíi ti agogo ọwọ́. Tẹ FUNCTION, wá BATTERY CHECK, á sọ iye fólítì tó kù fún ọ. Tí àwọn ohùn bá ní orúkọ tí kò nítumọ̀, tí wọ́n ń pariwo ṣákaṣàka, má sá. Bátìrì ló kú, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Béèrè fún ẹ̀dínwó.

Lẹ́yìn náà, tẹ bọ́tìnì pẹrẹsẹ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pátá. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ agbára ìka, òmíì á ti kú pátápátá. Rọra ti DATA ENTRY láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí o máa wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ: tó bá ń fò, eruku tàbí ogbó ti wọ̀ ọ́. Tẹ kíì kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, kí o tún tẹ̀ ẹ́ lágbára. Ohùn gbọ́dọ̀ yí padà, kì í ṣe kó ga sókè nìkan. Gbọ́ ohùn òfìfo rẹ̀ náà. DX7 àkọ́kọ́ máa ń ṣe ṣíì díẹ̀ kódà tó bá pé, ìyẹn kò burú.

Má jẹ́ kí ihò dísìkì FD dá ọ lójú jù. Kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa tọ́jú ohùn rẹ. Bí wọ́n sì bá fún ọ ní kátíríìjì àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú ohùn sí, pẹ̀lú ẹ̀bùn, mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ kì í wọ inú DX7II bẹ́ẹ̀, ó ń fẹ́ adapter tirẹ̀.

Ìka-Mẹ́wàá

Bọ̀ọ̀dá Oní-Òjé, ẹ ṣé gan-an. Báwo ni mo ṣe máa kó ohùn inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó pààrọ̀ bátìrì?

Oní-Òjé

Wáyà MIDI méjì (wáyà tí ẹ̀rọ orin fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀): ọ̀kan láti OUT ẹ̀rọ sí IN kọ̀ǹpútà, ìkejì láti OUT kọ̀ǹpútà sí IN ẹ̀rọ. Lórí DX7 àkọ́kọ́, tẹ FUNCTION, lọ sí bọ́tìnì MIDI (8), máa tẹ̀ ẹ́ títí wàá fi rí SYS INFO. Tó bá kọ UNAVAIL, yí i sí AVAIL, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dijú sí gbogbo ohun tí o bá fi ránṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á bi ọ́ bóyá kó fi ohùn ránṣẹ́. Fáìlì ohùn 32 gbọ́dọ̀ jẹ́ báìtì 4104 géérégé. Tó bá dín, tó bá lé, kó o dànù, tún un ṣe. Nígbà tí o bá fẹ́ dá a padà, kọ́kọ́ yọ MEMORY PROTECT, ààbò tí kì í jẹ́ kí ohùn inú ẹ̀rọ yí padà.

Ìgbà tí fáìlì yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ni kí o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òjé kan bátìrì náà. Ní kó fi ilé bátìrì sí i, kí ìgbà míì má di iṣẹ́ òjé mọ́.

Ìka-Mẹ́wàá

Ó yé mi. Mo ti gbé Dexed wọlé, mo sì ti gbọ́ híha tí bọ̀ọ̀dá Àgbà-Dùùrù sọ, nínú BASS 1, ohùn béèsì inú DX7, ló ti hàn jù. Ìṣòro mi báyìí ni ohùn fúnra rẹ̀. Mo ṣí E. PIANO 1, ohùn dùùrù oníná inú DX7, pé kí n tú u wò, nọ́ńbà ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àgbà-Dùùrù

Ibi tó dára lo ti bẹ̀rẹ̀. Má tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Pípa àti títan ni kó o kọ́kọ́ ṣe. Lórí ẹ̀rọ gidi, tẹ EDIT, wàá rí 111111 lójú rẹ̀. Operator mẹ́fà nìyẹn, bọ́tìnì 1 dé 6 ló ń pa wọ́n, tó sì ń tan wọ́n. Ní Dexed, bọ́tìnì kékeré kan wà lára operator kọ̀ọ̀kan.

E. PIANO 1 wà lórí algorithm 5. Nínú algorithm yìí, méjì méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́: 2 ń ti 1, 4 ń ti 3, 6 ń ti 5. Èyí tí à ń gbọ́ ni carrier (1, 3, 5). Èyí tó ń tì í ni modulator (2, 4, 6), a kì í gbọ́ òun fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ là ń gbọ́ lára carrier.

Pa 3, 4, 5 àti 6. Tẹ nóòtì àárín kan lágbára. Kín-ín yẹn tí o ń wá, òun nìyẹn lóun nìkan. Wá pa 2 náà. Fèrè lásán ló kù, ohùn tí kò ní egungun. Tan 2 padà kó o wo FREQUENCY rẹ̀ (bí ìgbì rẹ̀ ṣe yára tó): 14.00, nígbà tí ti 1 jẹ́ 1.00. Ìlọ́po mẹ́rìnlá ni 2 fi ń yára ju 1 lọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí kín-ín fi wà lókè lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí ara nóòtì. OUTPUT LEVEL rẹ̀ jẹ́ 58. Ó kéré lójú, àmọ́ gbé e dé 66 kó o gbọ́: ní àgbègbè yìí, ìpele mẹ́jọ sókè ń sọ agbára modulator di ìlọ́po méjì. Gbé e dé 74, dùùrù ti di páànù. Dá a padà sí 50, dùùrù ti fara mọ́ tìmùtìmù.

Báyìí, tan 3 àti 4 nìkan. 1.00 ni àwọn méjèèjì, ara ohùn nìyẹn, wọ̀ọ̀ tó wà lábẹ́. Lẹ́yìn náà 5 àti 6: 1.00 náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n DETUNE (yíyẹ ohùn díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀) ọ̀kan jẹ́ -7, tèkejì +7. Tan wọ́n pọ̀ mọ́ 3 àti 4, wàá gbọ́ ìgbì kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìgbì yẹn ni kì í jẹ́ kí ohùn yìí sú etí.

Èyí tó kẹ́yìn: wo KEY VELOCITY SENSITIVITY operator 2. 7 ni, òpin ibi tó lè dé. Ìyẹn ni pé bí ọwọ́ rẹ ṣe le sí ló ń sọ bí kín-ín ṣe máa pọ̀ tó. Sọ ọ́ di 0, kí o tún tẹ orin kan náà. Ohùn wà níbẹ̀, ẹ̀mí ti jáde lára rẹ̀.

Nígbà tí o bá ti tú u tán, sọ 14.00 yẹn di 7.00, di 3.00, di 1.00, kó o máa tẹ orin kan náà. Lórí DX7 gidi, tí o bá tún tẹ EDIT/COMPARE, á dá ọ padà sí bí ohùn ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí o lè fi wé e.

Àǹtí-Agogo

Àgbà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, kí n fi tèmi lé e. Tó bá jẹ́ agogo ni ọkàn rẹ fẹ́, FREQUENCY tí kì í ṣe nọ́ńbà odindi ni kó o lọ bá. Nọ́ńbà odindi (1, 2, 3, 14) ń mú kí ohùn bá ara mu bíi ti okùn tàbí fèrè. Carrier 1 àti modulator 1 máa ń sún mọ́ ohùn idẹ. Carrier 1 àti modulator 2 ń ṣófo nínú bíi kílárínẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ààmì onídẹ́símà ni irin ń gbé. TUB BELLS, ohùn agogo inú DX7, 3.50 ló ń lò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá 3.50 lórí DX7 kò rí i, torí COARSE, bọ́tìnì tó ń yí FREQUENCY ní odindi, kò ní i. Gbé COARSE sí 2, FINE sí 75: FINE ń fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kún 2, ó di 3.50. Lẹ́yìn náà jẹ́ kí ENVELOPE (bí agbára ṣe ń yọ, tó sì ń kú) ti modulator kú ṣáájú ti carrier. Irin gidi náà, bí wọ́n bá lù ú, ohùn rẹ̀ tó mú ló máa ń kọ́kọ́ lọ, híhó ìsàlẹ̀ ló ń pẹ́ kó tó tán. Rate ni bí ENVELOPE ṣe ń yára: rate kékeré ni kíkú pẹ́, rate ńlá ni kíkú kíá. Èyí máa ń yí àwọn ọmọdé lórí.

Ìka-Mẹ́wàá

Àǹtí mi, ẹ kú ọgbọ́n. 3.50 ti dún, àfi bí ẹni pé mo wà lábẹ́ ilé ìṣọ́ agogo. Béèsì ńkọ́?

Àǹtí-Agogo

Béèsì lèmi ò lè sọ. Ẹ pe Àgbà.

Àgbà-Dùùrù

FUNCTION, VOICE INIT. Á kó gbogbo rẹ̀ dànù, á kù operator 1 nìkan, tó ń dún wẹ́rẹ́. Algorithm 1 lo wà, 2 ń ti 1. Gbé COARSE operator 1 sí 0, ìyẹn á di 0.50, octave kan ló fi lọ sísàlẹ̀. 2 náà 0.50. Gbé LEVEL operator 2 sí bíi 80, jẹ́ kí ENVELOPE rẹ̀ já wálẹ̀ kíá lẹ́yìn tí o bá tẹ̀ ẹ́: gbì yẹn ló ń jẹ́ kí béèsì yọ láàárín orin. Ní algorithm 1, operator 6 ni FEEDBACK (kí operator máa ti ara rẹ̀) wà lára rẹ̀. Tí o bá fẹ́ kí 2 fúnra rẹ̀ gbóná, lọ sí algorithm 2, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sára 2. Láti 0 dé 7 ni. Lẹ́yìn 5 ó ti ń di ariwo, ariwo tó dára nígbà míì.

Etí-Ò-Kún

Ìbéèrè kan tí kò tíì jáde: ṣé ẹ̀rọ tó ní kíì ló pọndandan? TX7 wà, DX7 láìní kíì ni, ṣùgbọ́n o ò lè tú ohùn lójú rẹ̀, àfi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tàbí DX7 míì. TX802 ti ìran DX7II ni, ohùn mẹ́jọ tó yàtọ̀ síra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jọ ń pín nóòtì 16. TX816 tilẹ̀ kó nǹkan bí DX7 mẹ́jọ sínú àpótí kan, ìyẹn ti di àṣejù. Volca FM ti Korg kéré, nóòtì mẹ́ta péré, àmọ́ ó ń ka ohùn DX7.

Ṣọ́ra fún DX9, DX21, DX27, DX100 àti reface DX. Ohùn wọn dùn, ṣùgbọ́n operator mẹ́rin ni wọ́n ní, ohùn DX7 kò lè wọ inú wọn.

Bí o bá sì fi kíbọ́ọ̀dù ìgbàlódé darí èyíkéyìí nínú wọn, tàbí Dexed pàápàá, gbogbo ohùn àtijọ́ lè máa gún ọ létí. Kíì DX7 àkọ́kọ́ kì í fi agbára ọwọ́ (velocity) tó dé 127, òpin ìwọ̀n MIDI, ránṣẹ́ bí o ti wù kó o tẹ̀ ẹ́ tó, ìwọ̀n yẹn sì ni wọ́n fi hun àwọn ohùn náà. Lọ sí ètò velocity kíbọ́ọ̀dù rẹ, gé e wálẹ̀ sí nǹkan bí 100. Wàá rí i pé E. PIANO 1 á rọlẹ̀.

Ìka-Mẹ́wàá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lọ tẹ méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ní bọ́tìnì mẹ́ta tó ti kú, kíì rẹ̀ sì dùn lọ́wọ́ gan-an. DX7II ni mo rà nítorí títo ohùn méjì lé ara wọn. Híha yẹn á máa wù mí, mo ti gbà. Ṣé àwọn ohùn àtijọ́ tí mo ti kó jọ lórí kọ̀ǹpútà á wọlé síbẹ̀?

Oní-Òjé

Wọ́n á wọlé. DX7II ń ka SysEx ti àkọ́kọ́. Àwọn nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kò ní sí nínú wọn, o lè fọwọ́ ara rẹ fi kún un.

Àgbà-Dùùrù

O kú ìnáwó. Lálẹ́ yìí, fi E. PIANO 1 sí apá méjèèjì DUAL (títo ohùn méjì lé ara wọn), ju ọ̀kan sí òsì, èkejì sí ọ̀tún, gbé DUAL DETUNE sí 2 tàbí 3. Lẹ́yìn náà, lórí ọ̀kan nínú méjèèjì nìkan, bọ́ LEVEL operator 2 wálẹ̀ sí 50. Nóòtì mẹ́jọ lo ní o, má máa tẹ sustain mọ́lẹ̀ ṣáá.